Ta Ló Yọ Abẹ́rẹ́ Giramafóònù Bàbá?

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n jí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ni, èyí tó kéré ju ojú èèrà lọ, tó jẹ́ pé bó bá ti kan àwo báyìí, olórin tó ti kú á dìde wá jókòó sí pálọ̀ yín. Á kọ́kọ́ ta pàrà bí iyọ̀ nínú iná. Ohùn á wá jáde, á gbóná lára èèyàn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Imú Ajá ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gidi. Bí yànmùyánmú bá jẹ ọ́ lánàá, á mọ ilé tó sùn.

Ìyá onílé, ìyàwó Bàbá, ò kúkú pè é kó wá wádìí. Ó pè é kó wá mú bíríkìlà tó háyà yàrá òkè, nítorí ojoojúmọ́ ló ń jà lórí ariwo giramafóònù. Ìyá ti ní kó kúrò kílẹ̀ tó ṣú. Ẹrù ẹ̀ ti wà lójú àtẹ̀gùn. Ìyàwó ẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú oyún, kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Imú Ajá yẹ ẹ̀rọ náà wò. Ìdérí ẹ̀ ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn Bàbá. Ẹni tó yọ abẹ́rẹ́ ò ṣẹ́ nǹkan kan. Ó tiẹ̀ tún nu eruku. Bọ́tìnnì ohùn wà lókè pátápátá.

Ó bi onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ Bàbá tó máa ń wá gbọ́ àwo, tójú ẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ yẹn. Ìyẹn ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n débi pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fá etí oníbàárà dànù, abẹ́rẹ́ wo lòun fẹ́ yọ?

Ó kan bíríkìlà.

"Ẹ̀gbọ́n, orin yẹn ló ń mú mi sùn tẹ́lẹ̀. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni ariwo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú bẹ́ẹ̀dì mi rìn."

Ó ku Bàbá fúnra ẹ̀. Aago ló ń tún ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ìka ẹ̀ lè yọ eyín lẹ́nu kòkòrò kí kòkòrò má jí. Ó jókòó, ó ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu àwo. Imú Ajá dúró sẹ́yìn ẹ̀.

"Bàbá, ejò wà lẹ́sẹ̀ yín."

Bàbá ń nu àwo lọ.

Inú Imú Ajá bà jẹ́. Ó yí wá síwájú, ó lóṣòó.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ yọ ọ́."

Bàbá wo ẹnu ẹ̀ dáadáa. Ó fa páálí kékeré kan yọ lápò àyà. Abẹ́rẹ́ wà nínú òwú.

"Etí mi ń kú, ọmọ mi. Mo yí ohùn sókè títí, kò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi á ní ṣé mo gbọ́ ibi tí olórin yẹn ti mí. Màá ní mo gbọ́." Ó pa páálí náà dé. "Bí abẹ́rẹ́ bá sọnù, gbogbo wa la ò ní gbọ́."

"Bíríkìlà tí wọ́n ń lé lọ wá ńkọ́?"

"Wọ́n ń lé e? Mi ò gbọ́."

Bàbá dìde. Ó lọ gbé àpò tó wúwo jù lójú àtẹ̀gùn lérí, ó ń gbé e padà sókè, orúnkún ẹ̀ ń ké. Imú Ajá sọ gbogbo ẹ̀ fún Ìyá.

Ìyá fi orúkọ tó ń pe Bàbá nígbà ọ̀dọ́ pè é láti ìsàlẹ̀. Bàbá ń gòkè lọ. Ìyá tún pè é.

"Látìgbà wo ló ti ń dá mi lóhùn láìgbọ́ mi?" ni Ìyá bi Imú Ajá.

Imú Ajá gbé àpò kejì, ó tẹ̀ lé Bàbá lọ sókè.