Lẹ́tà Ńlá fún Ojú Bàbá

Okùn tí obìnrin aránṣọ kan fi ń wọn èèyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó já wọ yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé.

“Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Onífèrèsé?”

“Èmi ni.”

“Lẹ́tà inú fèrèsé yín ń pa ojú bàbá mi. Èmi máa ń wọn èèyàn kí n tó gé aṣọ. Ta lẹ wọ̀n ní tiyín?”

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ àṣẹ tó ń sọ bí fèrèsé ojú kọ̀ǹpútà yóò ṣe tóbi tó àti irú lẹ́tà tí yóò wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló yàn fún gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn ló kọ àṣẹ mìíràn, kí bàbá aránṣọ, tí wọ́n ń ṣàtúnṣe ìwé nílé iṣẹ́ náà, lè yan lẹ́tà ńlá tiwọn. Bàbá ní àwọn ti rí ọmọ. Aránṣọ rí olólùfẹ́, ká má purọ́.

Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó nígbà tí bàbá ní àwọn fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀.

“Ojú Dádì ti lọ, àyànfẹ́ mi,” ni aránṣọ fi ẹkún sọ. “Wọn ò rí lẹ́tà ńlá yẹn kà mọ́. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Jọ̀ọ́, ká sún ìgbéyàwó síwájú. Ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?”

Onífèrèsé lọ tan kọ̀ǹpútà bàbá. Lẹ́tà ibẹ̀ ti rí wínníwínní. Òun ló tún àṣẹ náà kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kó lè yá sí i, àmọ́ kò jẹ́ kí àṣẹ náà kọ́kọ́ wò bóyá ẹnì kan ti yan ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwọ̀n gbogbogbòò ló ń dà bo gbogbo fèrèsé. Àwọn yòókù ò mọ̀ ọ́n lára, torí òun náà ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Ó tún un ṣe wéré, ó panu mọ́, ó sì bẹ bàbá pé kí wọ́n wá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá kàwé, wọ́n bú sẹ́kún.

“Ọlọ́run ti wò mí sàn! Ọmọ mi, àdúrà rẹ gbà.”

Àdúrà wo? Ojú ti Onífèrèsé, ó sì yẹ kó tì í, ojo ni. Ìgbéyàwó padà sọ́jọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí aránṣọ ń wọn èjìká rẹ̀ fún aṣọ ọkọ ìyàwó, ó di okùn náà mú.

“Ìfẹ́ mi, kò sí nǹkan tuntun tó ṣe ojú Dádì. Èmi ni mo ba lẹ́tà wọn jẹ́, mo sì dákẹ́.”

Aránṣọ fa okùn rẹ̀ gbà.

“Lọ fẹnu ara ẹ sọ fún wọn.”

Bàbá gbọ́ ọ tán lórí àga wọn.

“Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń dijú rìn nínú ilé yìí, kí n lè mọ ọ̀nà kí òkùnkùn tó dé? Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìwọ náà dijú, kó o wá bá mi níbí.”

Ó dijú. Ó fi orúnkún gbá àga, ó ń táràrà. Ọwọ́ kan tí abẹ́rẹ́ ti mú kí ìka rẹ̀ yi di tirẹ̀ mú.

“Má rò pé mo ti dárí jì ẹ́ o,” ni aránṣọ wí. “Tábìlì Dádì ni mi ò fẹ́ kó o fọ́.”

“Yà sí apá òsì díẹ̀,” ni bàbá wí, “ọmọ mi.”