Ta Ló Ń Bu Ṣúgà fún Mùlíkàt?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ìtàn tí mo gbé wá kò ní kó má jẹun, àfi kó rọra gbé òkèlè mì. Ọ̀ràn kan ni, tó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá lọ́dún 1989, nígbà tí Maitama ṣì jẹ́ pápá tí ilé ńláńlá ń yọ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọsibítù aládàáni kan níbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn wọ́ọ̀dù obìnrin, ó bá Mùlíkàt nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà inú rẹ̀ sì ti ga ju ohun tí ojú Dókítà Láníyì rí rí. Ọpẹ́lọpẹ́ abẹ́rẹ́ ni kò jẹ́ kó kú.

Ará Ìlọrin ni Mùlíkàt, aṣọ òfì ló ń tà ní ọjà Gárkì. Ó sanra débi pé orókùn rẹ̀ kò gbé e mọ́, orí àga ló ti ń kírun. Dókítà kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá lọ́sẹ̀ yẹn ni yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kó dín àpò oúnjẹ inú rẹ̀ kù, kí oúnjẹ kékeré lè máa yó o. Àmọ́ wọn kì í gbé èèyàn bẹ́ẹ̀ kàn sórí tábìlì. Aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọn díẹ̀, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kó sì fi hàn pé òun lè kó ẹnu òun níjàánu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Ó ti fọn lóòótọ́. Ṣúgà ni kò gbà. Bí kò bá sì wálẹ̀ kí dókítà àlejò náà tó padà, wọn ò ní ṣe é fún un mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí irú rẹ̀ tún máa wá.

Kó tó di ọ̀sán, ariwo ti gba ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Àwọn ará ọjà ti ká Rísíkàt, orogún Mùlíkàt, mọ́. Wọ́n ní òun ló fún un ní nǹkan jẹ. Ni Dókítà Láníyì bá pe ọlọ́pàá.

Ìnsípẹ́ktọ̀ Àyàndélé ló wá, ọmọ Ọ̀yọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè. Maigádì kí i ní géètì: "Sànnu, Yallabai." Ó ní, "Yauwa," ó la àárín èrò kọjá, ó fa Rísíkàt wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Jókòó, ìyàwó. Ṣé ìwọ lò ń gbé oúnjẹ wá fún un?"

Gèlè Rísíkàt ti já bọ́. "Oúnjẹ wo, ọ̀gá? Ọjọ́ tí mo gbé ọbẹ̀ wá, nọ́ọ̀sì yẹn lé mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́! Èmi àti ìyálé mi máa ń jà o, mi ò purọ́. Orí okùn tí a ń sáṣọ sí la jà sí kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tó bá kú, ta ni mo fẹ́ máa bá jà?"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Àyàndélé. Ó bi nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì jẹ́rìí: oúnjẹ ilé kò wọ wọ́ọ̀dù náà rí. Ẹ̀kọ mímu tí kò ní ṣúgà àti omi ẹran tí wọ́n ti ré ọ̀rá kúrò lórí rẹ̀ nìkan ni Mùlíkàt ń rí.

Ó wọlé tọ Mùlíkàt lọ, ẹni tí ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìdáyátù, jókòó síbi orí rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀kọ wọn. Bí omi ìfọwọ́ ló rí lẹ́nu, ọmọ mi."

"Kí lẹ mu?"

"Omi."

"Kò sí òmíràn?"

"Mo fi Ọlọ́run búra! Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe fẹ́ iṣẹ́ abẹ yìí tó, ṣé èmi ni màá fi ẹnu ara mi bà á jẹ́?" Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Àyàndélé gbà á gbọ́. Bó ṣe fẹ́ dìde ló rí ìgò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èèrà tò yí ẹnu rẹ̀ ká, nǹkan dúdú díẹ̀ sì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìgò náà títí. Abẹ̀bẹ̀ Ìdáyátù dúró.

"Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká fi ti oúnjẹ sílẹ̀. Àdúrà ńkọ́? Ta ló ń bá yín gbé e wá?"

Ojú Mùlíkàt là. "Hàǹtú? Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń kà mọ́ mímu, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ààfáà Yínúsà ní Gárkì ló ń kọ ọ́ sára wàláà, tó ń fi omi fọ tàdáwà rẹ̀ sínú ìgò. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé e wá láràárọ̀."

"Ṣé ó máa ń dùn?"

"Ó dùn gan-an."

Dókítà Láníyì, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbé ọwọ́ lérí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń bi í bóyá ó mu nǹkan!"

"Kò purọ́ fún yín," ni Àyàndélé wí. "Ẹ̀gbẹ́ ilé kéwú ni wọ́n bí mi sí. Bí ẹ bá bi wọ́n ní ohun mímu, hàǹtú kò ní sí lára ohun tí wọ́n máa rántí."

Ó wa mọ́tò lọ sí Gárkì. Bí Ààfáà ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fò dìde. "Kai! Èmi? A máa ń fi oyin sí i fún ẹlòmíràn o. Ṣùgbọ́n Ìdáyátù sọ fún mi pé àbúrò òun ní àrùn ṣúgà, omi lásán ni mo fi ń fọ tirẹ̀. Tirẹ̀ tí mo fọ fún ọ̀la rèé. Gbà, tọ́ ọ wò!" Àyàndélé tọ́ ọ wò. Kò dùn rárá.

Nígbà tó padà, ó pe Rísíkàt wọ wọ́ọ̀dù, ó sì dúró síwájú Ìdáyátù.

"Rísíkàt kọ́, torí oúnjẹ rẹ̀ kò wọlé, ṣúgà sì ń gòkè síbẹ̀. Ààfáà kọ́, torí ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kò dùn. Láàárín Gárkì sí bẹ́ẹ̀dì yìí, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń gbé ìgò náà, ibẹ̀ ni oyin ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin, mà, lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà ní ṣúgà lè dá iṣẹ́ abẹ dúró. Ẹ sì mọ̀ pé àbúrò yín kò ní fura sí àdúrà."

Abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ìdáyátù.

"Mi ò fẹ́ pa á! Wọ́n gbé ìyá wa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí Mùlíkàt ṣì ń rá. Aṣọ wọn nìkan ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ níta. Mo ní bí ṣúgà kò bá wálẹ̀, wọ́n á ní kó máa lọ sílé, á ṣì máa wà láàyè."

"Díẹ̀ ló kù kó má wà láàyè láàárọ̀ yìí."

"Mo mọ̀. Mo tún gbọ́ tí wọ́n ń pe Rísíkàt ní apààyàn, mo dákẹ́." Ó kúnlẹ̀ síwájú Rísíkàt, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí gan-an. Rísíkàt yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àyàndélé kọjú sí Mùlíkàt. "Ṣé kí n máa mú wọn lọ?"

Mùlíkàt yíjú sí Ìdáyátù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù abẹ yìí ń ba èmi náà. Òru kì í jẹ́ n sùn. Ṣùgbọ́n ara mi ni, ẹ ò bi mí." Ó nu ojú. "Ọ̀gá, ẹ má tì wọ́n mọ́lé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wọ ibí mọ́ títí wọ́n á fi ṣe é. Rísíkàt ni kó máa ṣọ́ mi."

"Èmi?" ni Rísíkàt wí. "Ó dáa. Ẹ̀kọ yẹn lẹ máa mu tán o, mi ò ní gba ẹ̀bẹ̀."

Ìnsípẹ́ktọ̀ mú Ìdáyátù dé àgọ́, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó kìlọ̀ fún un, ó sì fi í sílẹ̀. Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Dókítà àlejò fi Mùlíkàt ṣe ẹni ìkẹyìn kó tó wọ bàálù.

Ní ọjọ́ náà, orí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Rísíkàt àti Ìdáyátù jókòó sí, àyè ẹnì kan sì wà láàárín wọn. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì yọ orí jáde: "Ó ti lajú. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé o." Ìdáyátù dìde dúró. Ó wo ilẹ̀kùn náà. Ó sì fa Rísíkàt lọ́wọ́ dìde.

"Ìwọ ni kó o wọlé."

Rísíkàt fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún Abíọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ ní Gárkì. Abíọ́nà sọ ọ́ fún mi nígbà tó wálé ọdún iléyá, èmi náà sì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ yín.