Ẹni Tí Ṣìkẹ́mi Fi Sílẹ̀

Kí Olútáyọ̀ tó fojú kan Olúwaṣìkẹ́mi rárá, ìyá ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà. Àwọn tó pàtẹ ọjà sórí afárá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún agbófinró, èrò sì ya lu èrò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Olútáyọ̀ rí ìyá àgbà kan nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú gírígírí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ríran.

“Màámi, ta lẹ̀ ń wá?”

“Ọmọ mi ló fà mí lọ́wọ́, èrò ló yà wá sọ́tọ̀. Jọ̀ọ́, má fi mí sílẹ̀.”

“Mi ò ní fi yín sílẹ̀, mà.”

Ó dúró tì í títí ọmọ náà fi sáré dé, òun náà nínú sùtánà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ó wá yíjú sí Olútáyọ̀.

“Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.”

“Táyọ̀ ni mò ń jẹ́. Ẹ má pè mí ní bọ̀dá, ẹ̀ ń sọ mí di arúgbó.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ohùn rẹ dùn, ọmọ yìí. Ṣé akọrin ni ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?”

“Rárá, mà. Èmi ni mo máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì sétí ìjọ.”

Ó sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa wọ ọkọ̀. Kí ó tó padà sílé rẹ̀ ní Egbeda, ó ti gba nọ́ńbà Ṣìkẹ́mi.

Olùkọ́ ni àwọn méjèèjì. Olútáyọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní kẹ́mísírì, Ṣìkẹ́mi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Egan, níbi tí òun àti ìyá rẹ̀, Màmá Àyìnkẹ́, ń gbé. Ará Oǹdó ni wọ́n. Bàbá ti kú tipẹ́. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni àrùn ojú ti gba ìríran Màmá. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí náà ni Ṣìkẹ́mi.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Bí wọ́n bá pàdé ní Igando, wọn kì í wọ kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fi rìn dé Egan kí ọ̀rọ̀ má bàa tètè tán. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Olútáyọ̀ dúró lójú títì.

“Ṣìkẹ́mi, olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ kí o di aya mi.”

Ṣìkẹ́mi kò rẹ́rìn-ín. “Tèmi, ṣé o mọ̀ pé ẹni méjì lo máa gbé wọlé? Ibi tí mo bá wọ̀, ibẹ̀ ni Màámi ń wọ̀.”

“Mo mọ̀. Ààyè gbà wá.”

Ṣùgbọ́n ìyá Olútáyọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì gbaná jẹ. “Aláṣọ funfun kẹ̀? Ìwọ ọmọ Áńgílíkà láti ayé baba ńlá rẹ! Ìyá rẹ̀ kò tún ríran. Ṣé ìyàwó lò ń fẹ́ àbí iṣẹ́ olùtọ́jú?” Ìgbà mẹ́ta ni Ṣìkẹ́mi lọ kí i. Ní ìgbà kẹta, ó jókòó sẹ́yìn ìyá náà, ó di irun fún un láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n sì jọ ń tàkúrọ̀sọ. Bí ó ti lọ tán ni ìyá náà tẹ ọmọ rẹ̀ láago. “Ọmọ náà níwà, jàre. Ẹ mú ọjọ́.”

Wọ́n mú Sátidé kejì nínú oṣù Fẹ́búárì fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Nínú oṣù Jánúárì, Ṣìkẹ́mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní àkọtọ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní imú rẹ̀, kò sì dá. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn dókítà pè é, ó sì ti pẹ́ lára rẹ̀ kí ó tó fara hàn. Sátidé tí wọ́n mú náà kọjá lórí ibùsùn aláìsàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kéje, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Ṣìkẹ́mi ní kí Olútáyọ̀ sún mọ́ òun. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ bí igi. Ìyá rẹ̀ jókòó lápá kejì, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀.

“Adé orí mi, Màámi kò ní ẹlòmíràn.”

“O ò ní kú, Ṣìkẹ́mi.”

“Táyọ̀, má tàn mí. Mo fi Màámi lé ọ lọ́wọ́. Ṣé o gbà?”

Ó wo ojú rẹ̀. “Mo gbà. Ọlọ́run gbọ́.”

Ọjọ́ kejì ló dákẹ́.

Ìyá kì í lọ síbi sàréè ọmọ. Màmá Àyìnkẹ́ wà nínú yàrá ní Egan nígbà tí wọ́n lọ sin ín. Olútáyọ̀ ló padà wá sọ fún un pé ó ti parí. Màmá kò sunkún lójú rẹ̀. Ó kàn bi í bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, bóyá kì í ṣe ibi àbàtà. Olútáyọ̀ ní ó gbẹ.

Ọjọ́ Àìkú méjì ni Olútáyọ̀ lọ kí i. Kò lọ ní ẹ̀kẹta.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ohùn Màmá ló lé e sá. Bí Màmá bá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá, bí ẹni pé Ṣìkẹ́mi ló ń sọ̀rọ̀ ni, ọkàn rẹ̀ á fò, á sì tún já. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó ní tí ara bá tù òun díẹ̀, òun á lọ. Ìyá tirẹ̀ sì ń sọ fún un pé, “O ti ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe. Ẹni tí kò tíì fẹ́ ọmọ, báwo ló ṣe di àna?” Ọ̀rọ̀ náà tù ú lára, ojú sì tì í pé ó tù ú lára.

Bàrákàt, obìnrin Mùsùlùmí tí òun àti Màmá jọ ń gbé ilé kan náà ní Egan, ló ń fa omi fún Màmá tó sì ń bu oúnjẹ fún un. Nínú oṣù Nòfẹ́ńbà, ó pe Olútáyọ̀.

“Bọ̀dá Táyọ̀, iṣẹ́ ti gbé ọkọ mi lọ sí Ìlọrin, a ń kó lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Màámi ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wò wọ́n lójoojúmọ́?”

“Mo ń bọ̀,” ni Olútáyọ̀ wí.

Kò lọ.

Ọdún yí po. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, òun ni wọ́n yàn láti ka ẹ̀kọ́ ìwé Ìyìn Rere ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Egbeda. Ó ka ti ẹ̀gún, ó ka ti ìṣó. Ó wá dé ibi tí Jésù ti rí ìyá rẹ̀ nídìí igi àgbélébùú, tí ó fi í lé ọmọ-ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́, tí ọmọ-ẹ̀yìn náà sì mú un lọ sí ilé ara rẹ̀ láti wákàtí náà lọ.

Láti wákàtí náà. Olútáyọ̀ dákẹ́. Ìjọ ń retí. Charles, ẹni tí wọ́n jọ ń ka ẹ̀kọ́, dìde wá gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀ ó sì parí kíkà náà. Olútáyọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde, kò sì dúró títí ó fi dé Egan.

Ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó jókòó lórí ilẹ̀, ó ti rù kan eegun, aṣọ ìdọ̀tí kan ni ó wé mọ́ apá òsì rẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, mà. Táyọ̀.”

“Mo ti kà á sí pé ìwọ náà ti kú. Ẹkún òkú méjì ni mo ń sun.”

Olútáyọ̀ na gbalaja sílẹ̀. Ó rántí pé Màmá kò rí i.

“Mo dọ̀bálẹ̀, mà. Mo jẹ̀bi. Ó fi yín lé mi lọ́wọ́, mo gbà, mo sì sá. Mi ò ní àwáwí kankan.”

Màmá na ọwọ́, ó ń táràrà títí ó fi kan ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀. Kò ní kó dìde. “Ó dùn mí, Táyọ̀. Ọjọ́ tí omi gbígbóná dà sí mi lápá, orúkọ rẹ ni mo pè, nítorí ẹlòmíràn tí mo lè pè kò sí mọ́.”

“Ẹ bá mi kálọ sílé, mà.”

“Rárá. Ẹkún lásán ló gbé ọ wá. Ẹkún kì í pẹ́ gbẹ. Máa lọ.”

Ó lọ, ṣùgbọ́n ó padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú oògùn ojú ọgbẹ́, ó sì fọ apá náà fún un. Ó padà ní ọjọ́ Àjíǹde. Ó fa omi, ó fọ aṣọ. Màmá kò sọ ju gbólóhùn méjì mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ Ajé ó tún dé, ni Màmá bá mí kanlẹ̀.

“Aṣọ Ṣìkẹ́mi wà nínú báàgì dúdú yẹn. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ gbé.”

Nígbà tí ìyá Olútáyọ̀ gbọ́ pé ó ti mú Màmá wá sí ilé rẹ̀ ní Egbeda, igbe ta lórí fóònù. “Ìyá ẹni tí o kò tíì gbé níyàwó! Obìnrin wo ni yóò wọlé tì ọ́ báyìí? Kí ni kí n sọ fún mọ̀lẹ́bí?”

“Màámi, ẹ má bínú. Mo ṣèlérí fún ẹni tó ń kú lọ, Ọlọ́run sì gbọ́. Obìnrin tí kò bá lè gba Màmá Àyìnkẹ́ kò lè gba èmi náà.”

Ìyá rẹ̀ gé fóònù. Ó lé ní oṣù mẹ́ta tí kò fi pè é.

Ilé kò tètè rọrùn. Màmá ń forí gbá férémù ilẹ̀kùn, ó ń tú omi ká ilẹ̀. Olútáyọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá àgbà. Ó ń se ìrẹsì, ó ń jóná. Wọn kì í fẹ́ dárúkọ Ṣìkẹ́mi, kálukú ń rọra yẹra fún orúkọ náà bí ẹni ń yẹra fún ojú egbò.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ń gé èékánná fún Màmá lẹ́yìnkùlé. Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Èmi náà jẹ̀bi, Táyọ̀.”

“Ẹ̀bi kí ni, mà?”

“Ọjọ́ tí Ṣìkẹ́mi fi mí lé ọ lọ́wọ́, o jáde lọ ra omi. Bí o ti jáde báyìí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, ‘Màámi, Táyọ̀ máa ń ṣe bí alágbára, kò lágbára. Mo fi í lé yín lọ́wọ́.’ Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o kò wá mọ́, inú bí mi. Mi ò ránṣẹ́ pè ọ́. Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ ti bàjẹ́, mo sì jókòó ti ìbínú mi. Dárí jì mí.”

Ọwọ́ Olútáyọ̀ dúró lórí èékánná.

“Ó ní oúnjẹ ni o kọ́kọ́ máa ń pa tì tí ọkàn rẹ bá bàjẹ́,” ni Màmá wí. “Ó ní kí n máa bi ọ́ léèrè. Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?”

“Rárá, mà,” ló dáhùn. Ó gbé orí lé orúnkún Màmá, ó sì sun ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ṣìkẹ́mi.