Aṣọ Tí Màmá Fi Bo Gíláàsì

Ọ̀rẹ́ mi, bóyá ìwọ náà mọ obìnrin kan bí èyí. Bó bá ń gbàdúrà, àwọn tó wà níta á máa ṣe àmín. Kò mutí, kò jalè, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Òun ni alábòójútó ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan tí àjọ aláàánú láti òkè òkun ń bọ́, Màmá sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìwọ sọ fún un pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, ṣe ni yóò fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Àjọ náà ní òfin kan. Ilẹ̀kùn gbogbo yàrá ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní gíláàsì, kí àgbàlagbà kankan má baà bá ọmọdé wà níbi tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Màmá pa òfin náà mọ́, àfi ní yàrá kan. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án ní oòrùn ń wọ òun lójú. Ọmọlúàbí ni Tíṣà lójú Màmá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ọ̀fẹ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ náà. Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ aláwọ̀ ewé kan, ó fi bo gíláàsì náà pátápátá.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé yìí tí Màmá sọ ní Aláròyé. Kò sí ohun tí kì í fi sùn. Ẹni tó mu omi ẹlòmíràn, ẹni tó tọ̀ sórí ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ni yóò rò délẹ̀délẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó wá sọ pé Tíṣà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn, tó sì máa ń fi bẹ́líìtì na àwọn títí àwọn ò fi ní lè jókòó, Màmá kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń lọ̀.

"Aláròyé ti tún dé," ó ní. "Ṣé o fẹ́ káwọn ará òkè òkun gbọ́ ni? Tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní rán nǹkan kan sí yín mọ́. Ó yá, lọ kúnlẹ̀ kó o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Tíṣà."

Ọmọ náà wò ó títí. Ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun yẹn gan-an ni Tíṣà ti fi dẹ́rù bà á. Ó lọ kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Aláròyé kò ro nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ àṣà kan. Yàrá tó bá wọ̀, á bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kan, á fi há ẹnu ilẹ̀kùn kó má lè pa dé. Màmá á fẹsẹ̀ kọ ọ́, inú á bí i. "Ta ló tún fi bàtà há ilẹ̀kùn? Ọmọ yìí, ṣé ewúrẹ́ ló ń lé ọ ni?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Màmá fi tépù ìwọ̀n kọ́rùn, ó ń lọ wọn gíláàsì yẹn, nítorí aṣọ àkọ́kọ́ ti ń ṣá. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tó gbọ́ ìró bẹ́líìtì àti ẹkún ọmọ. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Tíṣà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn tó fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta lẹ fẹ́ sọ fún? Màmá yín ló fọwọ́ ara ẹ̀ rán aṣọ yìí fún mi."

Màmá gbá ilẹ̀kùn títí Tíṣà fi ṣí i. Ẹ̀rín ni ọkùnrin náà fi pàdé rẹ̀. "Ẹ káàsán o, Màmá." Màmá kó àwọn ọmọ jáde, ó lé e lọ, ó sì wọ yàrá ìránṣọ lọ sunkún. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó dùn ún wọ eegun.

Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà, ti bá a.

"Ọkùnrin yẹn dà mí," Màmá ní. "Mo máa ní kó má wá mọ́. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ní ó rìnrìn àjò. Kórúkọ ilé yìí má bàjẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ó dà yín, mo gbà. Ta ló wá da Aláròyé?"

Aláròyé ti tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì wọlé, kí wọ́n lè fi oògùn sí ojú bẹ́líìtì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró létí ilẹ̀kùn. Ó ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kan, ó ti fi há a.

Ìgbà náà ló tó yé Màmá. Kì í ṣe Tíṣà nìkan ni ọmọ yìí ń wá ọ̀nà àtisá fún.

Ó wó lulẹ̀. "Mo gbé! Èmi tí mo pe ara mi ní olódodo! Ṣé Jésù lè dárí ji irú mi?"

"Torí irú yín ló ṣe kú," àbúrò rẹ̀ dáhùn. "Á dárí jì yín. Àmọ́ kò ní bá yín di aṣọ yẹn mú."

Màmá ké pe Olúwa lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Kò ka iṣẹ́ rere kankan sílẹ̀. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ Kristi wẹ òun mọ́. Lẹ́yìn náà, àgbàlagbà yìí kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé. "Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́." Màmá kò sì fi dandan lé e pé kó dárí ji òun.

Ọ̀sán yẹn náà ló pe ọlọ́pàá, ó sì pe àjọ náà. Wọ́n mú Tíṣà. Àjọ náà kò dáwọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ dúró rárá; irọ́ gbuu ni ìhàlẹ̀ yẹn. Iṣẹ́ Màmá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá wọn jiyàn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ náà ya kó tó lọ. Ọlọ́run ti dárí jì í. Síbẹ̀, nígbà tó ń gbé àpótí rẹ̀ jáde, sálúbàtà ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? O ní o ò na ọmọ kankan rí. Màmá náà kò nà. Aṣọ ló rán. Kí ni ìwọ fi ń bo gíláàsì tìrẹ? Orúkọ rere ni, àbí ipò nínú ìjọ, àbí "kí ayé má baà gbọ́"? Ọlọ́run tó ń ríran nínú òkùnkùn ti rí i.

Kristi ń pè ọ́. Má ṣe fi í dọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́, kó o sì gbà á gbọ́. Bó o bá sì ti dìde, lọ sọ fún ẹni tó lè dá ibi náà dúró. Ọmọ kan wà tó ti sọ fún ọ rí, tí o kò gbọ́, ó sì ṣì ń fi bàtà há ilẹ̀kùn.