Ẹ̀rín Kan Láàárín Orin

Ẹ̀rín kan wà láàárín orin náà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń kọ ọ́ ti parí ẹsẹ kìíní, ó ti mú ìkejì, àfi bó ṣe dánu dúró díẹ̀ tó sì rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí i látẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ yí kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀, ó tún yí padà, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé àárín ẹsẹ kẹta, ó dákẹ́ lójijì, kò sì kọrin mọ́. Ohun tó kù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà kò ju ìmí ènìyàn àti ìró àga lọ.

Ọkùnrin tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù yìí ni wọ́n ń pè ní Elétí. Ilé-iṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń yẹ mítà wò bóyá ohun tí mítà kà bá omi tó gba inú rẹ̀ kọjá mu. Ṣùgbọ́n mítà kọ́ ló sọ ọ́ ní Elétí, hẹ́dífóònù ni. Ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwọn kan ń kó bàtà jọ, àwọn kan ń kó aago, hẹ́dífóònù ni tirẹ̀, àwọn ńlá tó máa ń bo etí méjèèjì bí ọmọrí ìkòkò. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á tí wọn ò mọ̀ ọ́n. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àwọn òǹtajà á wo ara wọn lójú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó lè gbé gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ bọ etí kó tó ní òun fẹ́ lọ rò ó wò.

Ẹni tó bá mọ ìdí hẹ́dífóònù máa ń ní orin kan tó fi ń dán an wò, orin tó mọ̀ bí ẹni mọ owó. Elétí kì í lo orin àwọn olókìkí. Orin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yìí ni tirẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì kọ ọ́.

Ìgbà tí ìgbéyàwó wọn ṣì tutù ló gbà á sílẹ̀, nínú yàrá wọn, òun àti ìyàwó nìkan. Obìnrin náà ló fi ọpọlọ ara rẹ̀ hun orin náà, àwọn tó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà yẹn ní ohùn yẹn á gbé e dé ibi gíga. Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́. Kì í kọrin nídìí iṣẹ́, kì í kọrin ní ilé ìdáná. Nígbà tó bí ìbejì, ẹnu dídì ló fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n kúrò nílé, wọn ò gbọ́ orin lẹ́nu ìyá wọn rí. Bí ọkọ bá bi í, á ní, "Ó ti tán nínú mi." Ọkọ náà á sì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ nínú. Ó ti ṣàkíyèsí pé bí hẹ́dífóònù bá ṣe dára tó ni òun á ṣe gbọ́ ohun tó wà nínú yàrá ọjọ́ náà sí. Èyí tó kọ́kọ́ rà jẹ́ kó gbọ́ ìró àga. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ kó gbọ́ bí aṣọ obìnrin náà ṣe ń ra tábìlì, òmíràn jẹ́ kó gbọ́ omi tó ń kán nínú ilé ìwẹ̀. Ó wá gbà lọ́kàn pé ọ̀kan á wà níbì kan tó máa sọ ohun tó pa ìyàwó òun lẹ́rìn-ín fún òun, àti ohun tó gba orin lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan tó ń rà kiri nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé afẹ́ ni.

Òǹtajà kan ló sú, tó sì sọ òótọ́ fún un. Ó ń fi aṣọ nu gíláàsì pẹpẹ rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ ń wá kò sí lọ́dọ̀ mi. Màmá kan wà tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Kì í gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ ló ń lọ bá a nílé."

"Ṣé ó dára?"

"Ó dára jù ni mo máa ń gbọ́."

"Kí ló ń jẹ́ ó dára jù?"

Ọkùnrin náà ń nu gíláàsì rẹ̀ lọ. Ó ti mọ́ tipẹ́.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Òórùn gọ́ọ̀mù àti òjé gbígbóná kún ibẹ̀, èérún igi wà nílẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti dàgbà, ẹ̀rọ tí àwọn adití fi ń gbọ́ràn ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Etí tirẹ̀ náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ẹnu ló máa ń wò bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀ níwájú Elétí, ó yí i kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, tó jẹ́ àwọ̀n lásán.

"Mo ṣí i lẹ́yìn," ó ní. "Ohun tó wà níta á máa wọlé, ohun tó wà nínú náà á máa jáde. Ẹ rí awọ tín-ín-rín inú ẹ̀ yìí? Òun ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe mọ̀ pé awọ kan náà ń gbọ́ràn. Ẹ sọ̀rọ̀ sí i, á gbé e lọ."

"Gbé e lọ síbo, Màmá?"

"Ibi tí okùn bá so mọ́."

Elétí rẹ́rìn-ín. Ó ki okùn rẹ̀ bọ ẹ̀rọ orin kékeré tó máa ń gbé kiri, ó gbé hẹ́dífóònù bọ etí. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó di ojú. Yàrá ọjọ́ náà ṣí sílẹ̀ yí i ká, ó gbọ́ àga, ó gbọ́ omi, ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí kó tó mú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ nínú ọjà kì í yára yin ọjà. Ó ní ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ó sì sọ ọ́ síta. Ẹni tó bo etí kì í mọ̀ pé ariwo lòun ń pa.

"Ó mọ́ o, Màmá, ṣùgbọ́n kò lẹ́ran lára! Egungun lásán ni!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹ̀rín náà fi dún ní etí rẹ̀.

Ó dá orin náà padà sẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ẹnu mọ́. Ẹsẹ kìíní kọjá, ìkejì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rín náà sì tó dé, ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan. Ó wá láti ẹ̀yìn olórin, ó jìn, kò sì hàn ketekete, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin ni. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọkùnrin mìíràn nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn àfi òun, iwájú ìyàwó rẹ̀ ló sì jókòó sí, tó pa ẹnu mọ́ kí ó má ba rẹ́kọ́ọ̀dù jẹ́.

Ó bọ́ ọ kúrò létí. Màmá ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ọ," ni ó wí.

Elétí ní òun ń bọ̀, ó sì jáde.

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó wọlé. Aṣọ fèrèsé ló máa ń rán fún àwọn ilé ìtura, funfun kan tó gùn sì ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀. Elétí kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Ìyá Ìbejì, ọjọ́ tí mo gba orin ẹ sílẹ̀, kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

Ẹ̀rọ dúró. Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Mi ò lanu."

"Mo mọ̀. Ẹnu yín ni mò ń wò, kò ṣí. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn yín. Ó ròkè díẹ̀, bí ẹni tó di etí. Ẹ ní ó mọ́ ṣùgbọ́n kò lẹ́ran lára. Ẹ ní egungun lásán ni."

"Ó lè jẹ́ ohùn ẹlòmíì, láti ìta."

"Bàbá Ìbejì, ṣé ohùn ọkọ mi ni mi ò ní mọ̀?"

Elétí jókòó sílẹ̀. Ó rọra sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ilé Màmá, awọ tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Ẹ sọ ọ́ lónìí, èmi gbọ́ ọ nígbà yẹn," ó ní. "Mo bi yín lọ́jọ́ náà pé kí lẹ sọ, ẹ ní ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo wá ní, ẹnu ọkọ mi ò ṣí, a jẹ́ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an ni etí mi lọ gbọ́ yìí. Ohun tó wà nínú ènìyàn, ṣé a lè bá a jà?"

"Ìyá Ìbejì, hẹ́dífóònù ni mò ń bá wí."

"Ìyẹn gan-an pa mí lẹ́rìn-ín ni. Mo ní ọkùnrin yìí ti tún dé, kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí. Kì í ṣe ìyẹn ló gba orin lẹ́nu mi. Èkejì ni."

"Èkejì wo?"

Ó fa aṣọ funfun náà wá sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò ní fi ẹnu mi sọ ọ́," ó ní, ẹ̀rọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ó dun Elétí dọ́kàn. Gbogbo ọdún tó fi ń wá ẹni tó pa ìyàwó òun lẹ́nu mọ́ kiri inú ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ náà ṣe ń rọlẹ̀ ni ìrètí kan yọjú. Èkejì yìí, òun kò tíì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kò tíì sọ ṣì wà níkùn ẹni, ẹni ló ni ín. Bí ọ̀nà bá wà tí ọ̀rọ̀ búburú gbà dé etí obìnrin náà, ọ̀rọ̀ rere náà lè gba ibẹ̀. Bó bá gbọ́ èyí tó dára, orin náà kò ní já, bóyá àwọn ìbejì náà ì bá sì ti gbọ́ orin lẹ́nu ìyá wọn.

Ó padà lọ sí ilé Màmá lọ́jọ́ kejì, kò sì dúnàá dúrà. Obìnrin àgbà náà fi aṣọ wé hẹ́dífóònù náà fún un.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ sọ, Màmá. Ọ̀rọ̀ dídùn ni."

Màmá wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. "Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tó jókòó sí pálọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà tó wọ ilé lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nínú yàrá. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ìyàwó rẹ̀. Ó ti ka ọ̀rọ̀ náà sórí: Ohùn rẹ dùn, aya mi, máa kọ ọ́ lọ. Ó gbé hẹ́dífóònù bọ etí.

Ẹsẹ kìíní kọjá. Nínú ìkejì, ohùn ọkùnrin náà dé, ó wá hàn gbangba báyìí, ohùn òun tìkára rẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń bá orin lọ. Ẹsẹ kẹta bẹ̀rẹ̀. Elétí tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fa èémí sínú, ó ń dúró de ibi tí orin ti ń já.

Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti dàrú. Ohùn mìíràn wọ inú orin náà, ó wúwo ju ti olórin lọ, ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn. Ìta ló ti ń wọlé. Ó fi ọwọ́ tẹ hẹ́dífóònù mọ́ etí, ohùn náà tún ń ròkè sí i. Kò ní gbọ́ ibi tó yẹ kóun ti sọ̀rọ̀. Inú bí i, bó ṣe máa ń bí i bí àwọn èèyàn bá ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò yíjú padà. Ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Dákẹ́ ná! Jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan!"

Orin já ní etí rẹ̀. Ohùn kejì náà dákẹ́.

Ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó yíjú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́ tipẹ́, kò mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Orin rẹ̀ àtijọ́ ló ń jáde láti ẹ̀yìn hẹ́dífóònù tó ṣí sílẹ̀ náà tó sì dé bá a nínú yàrá, òun náà sì ti gbé orin náà, ó ń kọ ọ́ bọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tán.

Kò bínú. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí àlejò, tí àlejò náà sì wá dé.

"Èkejì nìyẹn," ó ní, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń rán.