Aṣọ Ìdárayá Tíṣà Kiyono

Ọjọ́ tí Yasuoka Genzo kọ́kọ́ rí Minobe Kiyono, obìnrin náà dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Genzo, ó wọ aṣọ tí Genzo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ já èso lórí igi, aṣọ náà sì ya fàà lábẹ́ abíyá méjèèjì.

"Ẹ wò ó," ni Kiyono wí. Ojú rẹ̀ ò yí padà. "Ọmọ tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

"Tíṣà, aṣọ ọmọlúàbí ni ọ̀gá ilé ìwé ọmọbìnrin yín ní kí n rán. Wọn ò sọ pé ẹnì kan máa fò nínú ẹ̀."

"Aṣọ ìdárayá ni wọ́n pè é, ọ̀gá télọ̀."

Ó bọ́ ọ, ó ká a, ó gbé e lé tábìlì, ó sì gba ọ̀nà òkè padà sí ilé ìwé.

Ní ìlú Kure ni Genzo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ fún àwọn sójà orí omi. Nígbà tó padà sílé sí Onomichi, aṣọ dúdú ọlọ́rùn gàgà tí àwọn ọmọkùnrin ń wọ̀ lọ sílé ìwé ló ń bọ́ ọ. Kò sí ọmọkùnrin kan tó dá aṣọ padà fún un rí. Tíṣà eré ìdárayá yìí dá mẹ́rin padà láàárín oṣù kan, ojoojúmọ́ ló sì ń yà wá bá a wí. Ti àkọ́kọ́, abíyá. Ti èkejì, bí ọmọ bá tàkìtì, kọ́là ńlá ẹ̀yìn aṣọ á bò ó lójú. Ti ẹ̀kẹta, síkẹ́ẹ̀tì ń lọ́ mọ́ ẹsẹ̀. Ti ẹ̀kẹrin ńkọ́? Ó kàn mí kanlẹ̀, ìyẹn sì dun Genzo ju èébú lọ.

Kiyono ní ìdí tirẹ̀. Hakama ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń sáré, yẹ̀rì gígùn oníṣẹ́po tí wọ́n ń dì lé kímónò, wọ́n á wá fi okùn di apá aṣọ sẹ́yìn. Nígbà ìrúwé, ọmọ méjì fẹsẹ̀ tẹ etí yẹ̀rì wọn ṣubú, apá ọ̀kan sì kán.

Nígbà tó kan aṣọ karùn-ún, Genzo ti ilẹ̀kùn, ó wọ aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni Kiyono gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá bá a, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, onírunmú, nínú síkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ lókè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú bí Genzo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìgbà tí obìnrin náà ti lọ tán ló tó mọ̀ pé òun ti ń retí ọ̀la, kó tún wá bá òun wí.

Ó rán alárinà sí bàbá Kiyono. Aláṣọ hakama ni Minobe Tokichi. Òun ló ń rán ti ilé ìwé náà láti ọdún mẹ́rìnlélógún.

"Ó ti gba oúnjẹ lẹ́nu mi, ó tún fẹ́ gba ọmọ mi," ni Tokichi sọ fún alárinà. "Ẹ ní kó kúkú wá mú ológbò mi pẹ̀lú."

"Bàbá, èmi ni mo ní kí wọ́n yí aṣọ padà," ni Kiyono wí. "Èmi ni kẹ́ ẹ máa bínú sí."

"Mo ń bínú sí ẹ. Mo ń bínú sí ẹ̀yin méjèèjì. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó ní Kiyono ò gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Genzo mọ́. Akọ̀wé ilé ìwé ló wá ń mú ìwé Kiyono wá: ẹ fi ìbú ìka kan kún apá aṣọ, ẹ dín kọ́là kù. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni Genzo fi rán aṣọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin láìrí ẹni bá a jà. Abẹ́rẹ́ gún un ju ti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá, Tokichi wá, ó ká ọwọ́ gbera. Àwọn ọmọ sáré, kò sẹ́ni tó ṣubú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn eré kejì, gbogbo ìṣẹ́po síkẹ́ẹ̀tì wọn ti tú, ó ń ṣe wújẹwùjẹ. Tokichi ò lè wò ó mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé rúlà oparun rẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù Genzo.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìṣẹ́po?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá. Àwọn sójà orí omi kì í wọ síkẹ́ẹ̀tì."

"Ó hàn. Jókòó."

Ó tú síkẹ́ẹ̀tì kan palẹ̀. Ó ń ṣẹ́ ẹ po, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń gbá Genzo lọ́wọ́ bó bá ti ṣì í. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni àwọn ọmọ yìí ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò lè jókòó kí n máa wò wọ́n nínú pálapàla yìí."

Lọ́sàn-án, Kiyono gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wá, ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ń jiyàn lórí aṣọ kan. Ó fẹ́ padà.

"Jókòó," ni Tokichi wí láìgbé ojú sókè. "Olórí kunkun lọkùnrin yìí. Ẹni tó bá máa fẹ́ ẹ, kó yáa ní sùúrù."

"Bàbá, kí lẹ wí?" ni Genzo bèèrè.

"Mi ò kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Genzo tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. "Tíṣà, mo fẹ́ bi yín bóyá…"

"Láti oṣù karùn-ún ni mo ti ń dúró. Mo rò pé ẹ ò ní bi èmi fúnra mi láé ni."

"Ojoojúmọ́ lẹ sì ń bá mi jà."

"Aṣọ yẹn burú lóòótọ́," ni Kiyono wí. "Àmọ́ kí n wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ì bá tó."

Ó na ọwọ́ sí i. Genzo dì í mú, kò sì fi í sílẹ̀, títí Tokichi fi pè láti ẹ̀yìnkùlé pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun ti fọ ọwọ́ yìí, ṣé òun lè wọlé báyìí.