Ta Ló Ṣe Sàláàdì Yìí?

"Ta ló ṣe é?"

Níbi àpèjẹ ọdọọdún ìjọ wa, Díákónì Purvis ti gbé ṣíbí sókè, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Nínú ìjọ wa, kò sẹ́ni tó ń fi sàláàdì ọ̀dùnkún sẹ́nu láìkọ́kọ́ béèrè. Adìyẹ díndín, a lè jẹ ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n sàláàdì tí wọ́n po ẹyin mọ́, àfi ká mọ ọwọ́ tó pò ó.

"Abọ́ búlúù, ti Màmá Earline ni," Arábìnrin Idella dá a lóhùn. "Funfun yẹn, ti Corliss ni."

"Corliss wo?"

"Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Chicago. Ó ní ológbò o, Díákónì! Wọ́n ń rìn lórí tábìlì ìdáná rẹ̀."

"Ṣé o ti dé ilé ẹ̀ rí ni?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Mo gbọ́ ni. Wọ́n tiẹ̀ ní ó máa ń fi àjàrà gbígbẹ sí sàláàdì."

Díákónì da fọ́ìlì bo abọ́ funfun padà bí ẹni tó rí ejò. Ti Màmá Earline ló bù, ó sì bù ú rẹpẹtẹ. Bí àwa yòókù náà ṣe ṣe nìyẹn, mi ò ní purọ́.

Tavia, ọmọ-ọmọ Màmá Earline, dúró nídìí tábìlì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Òun nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí abọ́ búlúù náà.

Láàárọ̀, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà ti gbé abọ́ náà sínú kúlà, ó sì fi yìnyín yí i ká. "Má kúrò nídìí ẹ̀ o," ó ní. "Oòrùn oṣù Keje kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹyin." Kò pẹ́ tó wọlé ìsìn ni Renell, ọ̀rẹ́ Tavia, fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé, tòun tàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

"Gbé kúlà yẹn wá, jàre! Ohun mímu wa ti gbóná. Odò là ń lọ, a ò ní pẹ́."

"Màmá ní kí n má kúrò."

"Ó dáa, jókòó ti ọ̀dùnkún ẹ, ìyá ìjọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Tavia wọra. Ó yọ abọ́ náà, ó tì í sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ Màmá, ó gbé kúlà, ó bá wọn lọ. Nígbà tó fi máa dé, inú ọkọ̀ ti gbóná bí ààrò. Ó gbé abọ́ náà sórí tábìlì lábẹ́ igi pekán, ó ní bóyá kò ní ṣe nǹkan kan.

Ó ṣe nǹkan. Àárín eré ìje làwọn ọmọdé wà tí ọ̀kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, Díákónì fúnra rẹ̀ di ṣòkòtò mú, ó sáré gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

"Mo sọ ọ́!" Idella figbe ta. "Ológbò! Tavia, ìwọ lo wà nídìí oúnjẹ. Abọ́ wo làwọn ọmọ yìí jẹ?"

Tavia wo ìyá àgbà rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohunkóhun nípa abọ́ Màmá Earline. Tí òun bá sọ òtítọ́, orúkọ yẹn bàjẹ́ nìyẹn, òun náà sì gbé.

"Funfun," ó ní. "Funfun yẹn ni."

A gbà á lójú ẹsẹ̀. Oníkálukú rò pé ẹlòmíràn ló jẹ ti funfun; Díákónì, tó mọ èyí tó jẹ, ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lọ́jọ́ náà, odidi ìjọ ló di àgbà òṣìkà.

Corliss, tó ti ń dá jókòó láti àárọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kó àpò rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀. Màmá Earline ní kí Tavia bá a gbé abọ́ rẹ̀. Abọ́ náà wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó ká etí fọ́ìlì sókè. Ojú sàláàdì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ata pupa tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ wà bó ṣe wà. Ṣíbí kan ò kàn án.

"Mà, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́!"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò ṣí i hàn wọ́n?"

"Kí n ṣí i, kí gbogbo ayé rí i pé ajá ò tọ́ oúnjẹ mi wò?" Omi lé ròrò lójú Corliss. "Kí wọ́n pè mí lónímájèlé sàn jùyẹn lọ, ọmọ mi. Gbé e wá. Mi ò ní wá síbí mọ́."

Tavia ò gbé e fún un. Ojú tì í. Ó yí padà, ó gbé abọ́ náà sí àárín wa, ó fa fọ́ìlì ya.

"Ẹ wò ó! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Irọ́ ni mo pa. Ti Màmá ló ṣe wọ́n. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò nínú yìnyín, mo fi í sínú ọkọ̀ tó gbóná, mo lọ sódò. Màmá ò mọ̀."

Renell, tó bá a padà dé láti odò, yọ́ lọ sẹ́yìn igi. Màmá Earline rọra dìde. A rò pé yóò fọ́ ọmọ náà létí, ṣùgbọ́n ó kọjá lára rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní ṣíbí."

Ó bu sàláàdì Corliss, ó jẹ ẹ́, gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀.

"Iyọ̀ ẹ̀ kéré díẹ̀," ó ní. "Mi ò rí àjàrà kankan níbẹ̀. Idella, gbé àwo ẹ wá." Idella gbé àwo wá. Màmá Earline wá kọjú sí Corliss: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, padà wá jókòó. A ṣẹ̀ ọ́."

Ara gbogbo àwọn tó ṣàìsàn yá. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ igi kan náà, Díákónì Purvis gbé ṣíbí sókè lórí abọ́ búlúù, ó sì béèrè ohun tí kò béèrè rí: "Ta ló gbé e wá?"

"Èmi ni, sà," Tavia dáhùn, ó dorí kodò. "Mi ò kúrò nídìí ẹ̀."

Díákónì ṣì ń wò ó tìfura-tìfura. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán, ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹ bá fi bo orúkọ rere, orúkọ náà gan-an ni yóò bàjẹ́, àtirí ìgbẹ́kẹ̀lé gbà padà kì í sì í yá. Ẹ̀yin àgbà náà, ẹ má fi ohun tí ẹ gbọ́ dá ẹjọ́ oúnjẹ tí ẹ ò tọ́ wò.

Corliss ló fèsì sí ìfura Díákónì lọ́jọ́ ọdún kejì náà. Ó na àwo rẹ̀ sí Tavia ṣáájú gbogbo wa, ó ní: "Bù ú fún mi, kó pọ̀ dáadáa."